Kòkòrò Tó Ń Fi Yanrìn Kọ́lé

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé n kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sin yín. Fóònù mi wà nínú àpótí mẹ́gàdì. Ibẹ̀ la máa ń fi í sí kí a tó wọlé iṣẹ́, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wa láti ìta títí di ìrọ̀lẹ́. Màámi pè, pè, pè, ó rẹ̀ wọ́n. Ẹ kúkú mọ̀ pé ìsìnkú Mùsùlùmí kì í pẹ́. Kí n tó ti ibi iṣẹ́ ní Sàngó délé, wọ́n ti da yẹ̀pẹ̀ bò yín.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo lọ sódò tí ẹ ti máa ń wa yanrìn ní Alápótí. Mo ká ṣòkòtò, mo yí òkúta kan, mo bá àwọn kòkòrò yín níbẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi itọ́ lẹ yanrìn pọ̀ di ilé, tí wọ́n á máa wọ́ ọ kiri ìsàlẹ̀ omi. Bí wọ́n bá wá dàgbà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á lẹ ilé mọ́ òkúta, wọ́n á dí ẹnu rẹ̀ pa. Bí ẹ bá ti rí wọn bẹ́ẹ̀, ẹ mọ̀ pé òjò ò jìnnà mọ́, ẹ ó sì sáré kó yanrìn yín kúrò létí odò kí omi tó gbé e lọ. Òkìtì yanrìn tí ẹ wà kẹ́yìn ṣì wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó kó o.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí mo fi èékánná ya ilé ọ̀kan nínú wọn? Àánú rẹ̀ ló ṣe mí, mo rò pé ó há sínú ilé ni. Ó bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó jà díẹ̀, ó kú. Ẹ ò nà mí, ẹ kàn fọ̀ mí lọ́wọ́. Nígbà tí òjò rọ̀, ẹ mú mi padà lọ wo àwọn tó kù. Wọ́n ti hu ìyẹ́, wọ́n ń fò, wọ́n ń yé ẹyin sómi. Ọjọ́ díẹ̀ péré ni wọ́n máa ń fi fò kí wọ́n tó kú. Ṣé ọjọ́ díẹ̀ yẹn tó wọn, Bàbá? N kò bi yín nígbà náà.

Kòkòrò yẹn ló ń ti ilẹ̀kùn ara rẹ̀, òun náà ló ń ṣí i. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ooru ibi tí a ti ń yọ́ ike yìí, bí mo bá fẹ́ tọ̀, mo ní láti tọrọ àyè. Ó ti sú mi. Mo máa ń sunkún nínú ilé ìtọ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rí mi.

Sátidé yìí ni àdúrà ogójì ọjọ́ yín. Mo bẹ ọ̀gá wa kó jẹ́ kí n lọ. Èsì tó fún mi ni pé, “Tí o ò bá wá ní Sátidé, má wulẹ̀ wá mọ́ o.” Màámi náà ní kí n má fi iṣẹ́ ṣeré, pé ẹ ò ní bínú. Ṣé lóòótọ́ ni?

Ẹ̀rù ebi ń bà mí, n ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni bàbá ẹni ń kú, wọ́n sì ti fi ìyẹn dù mí. Bí Àáfà bá bẹ̀rẹ̀ àdúrà ní Sátidé, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ohùn mi á wà lára àwọn tó ń ṣe àmín.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ń bọ̀ wálé.