Jagun Kò Gbó Àgbò Lónìí

Ọjọ́bọ̀, ìlú Bánjúlù, 1974

Mo mú Jagun ajá mi kọjá níwájú ilé Alaaji Jálò lónìí, kò gbó rárá!

Ìléyá tí wọ́n ń pè ní Tobáskì níbí ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Kò sí ẹnu ọ̀nà tí wọn ò so àgbò mọ́ ní àdúgbò wa, Jollof Town, ẹ̀rù àgbò sì ń ba Jagun. Tó bá ti rí ọ̀kan, á máa gbó bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa. Alaaji ti kìlọ̀ fún mi: bí àgbò òun bá torí ariwo ajá mi dá lẹ́sẹ̀, ajá á kúrò ládùúgbò. Kò kúkú purọ́. A kì í fi àgbò arọ ṣe Ìléyá.

Tẹ́lẹ̀, ńṣe ni mò ń fa okùn, tí mò ń pariwo mọ́ ọn. Àṣé mò ń bá a gbó ni! Ní báyìí, mo dẹ okùn, a gba òdìkejì títì. Tó bá wo àgbò láì gbó, mo fún un lẹ́ja gbígbẹ.

Nírọ̀lẹ́ yìí, a sún mọ́ àgbò Alaaji ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Jagun wo àgbò, ó wo ojú mi, ó jókòó.

Àfi bí àgbò ṣe já okùn, ó di ọ̀dọ̀ wa! Alaaji sáré jáde, ó ń pariwo, "Di ajá ẹ mú! Di ajá ẹ mú!" Kó tó rí i pé ajá jókòó jẹ́ẹ́.

Alaaji rọ̀ mọ́ ìwo àgbò, ó ń mí hẹlẹ. Mo fún Jagun lẹ́ja.

Mo ní, "Alaaji, ẹ mú tiyín náà wá lọ́la, ká jọ máa rìn."