Orúkọ Tí Mo Pè ní Ọ́fíìsì

Adelphi, Maryland.
Ọjọ́ keje, oṣù Kẹwàá, 1994.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, Ìyá Raheem,

Àsàlámù aláékùm o. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn, bí orúnkún mi ò tilẹ̀ gbà mí láyè mọ́. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín déédéé? Ṣé Raheem àtàwọn ọmọ rẹ̀ wà dáadáa ní Ìbàdàn? Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín nínú àlàáfíà, láṣẹ Ọlọ́run.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó kà á lọ. Kò sẹ́ni tó kú o! Àbúrò yín wà láàyè, ẹ̀gbẹ́ mi níbí ló wà, ó ń wo fèrèsé. Ọ̀rọ̀ kan ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, láti ìgbà náà mi ò lè jókòó sójú kan. Mo gbá ilé tán, mo tún un gbá. Mo gbé ìrẹsì kaná, mo gbàgbé ẹ, ó jóná. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, torí àwọn ará wa níbí, tí wọ́n bá ti rí káàdì fóònù báyìí, ọ̀rọ̀ á ti dé Ìbàdàn kí èmi tó ra sítáǹbù.

Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú ọkọ mi, èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń fún un lóúnjẹ, èmi ni mò ń gbé e sórí àga onítáyà rẹ̀. Ohun tí mi ò tíì sọ fún yín ni pé ẹ̀yìn tèmi náà ti bàjẹ́. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́, gbígbé èèyàn sókè sódò ló bà á jẹ́. Dókítà ní mi ò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo mọ́. Mo ní ẹ ṣeun sà, mo délé, mo gbé ọkọ mi. Kí ni kí n ṣe? Iṣẹ́ ti lọ. Ìjọba ibí sì máa ń fún aláìlera lówó lóṣooṣù, ni mo bá ní ká lọ béèrè tiwa, èmi àti òun.

Felicia, ọmọ Iléṣà kan tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, àmọ́ kò láhun. Òun ló là mí lóye pé tí tọkọtaya bá gbà á pọ̀, iye tí wọ́n ń fún wọn kò tó ohun tí ẹni méjì tí kò fẹ́ra máa gbà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó ní, "Alimat, ẹ ò dé kọ́ọ̀tù. Yìgì ni wọ́n so fún yín nílé bàbá ẹ. Kálukú yín ló gba ìwé ìgbélùú tiẹ̀, orúkọ bàbá ẹ lo ṣì ń jẹ́. Ta ló fẹ́ mọ̀? Sọ pé ẹ jọ yá ilé ni." Mo ní háà! Àmọ́ Ìyá Raheem, wọ́n ti fi kún owó ilé wa. Tí owó ìjọba ò bá ká a, ilé ìtọ́jú ni wọ́n máa gbé àbúrò yín lọ. Mo ti ṣiṣẹ́ nírú ibẹ̀, mo mọ bó ṣe ń pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó dá ẹni tó bá tọ̀ sára lóhùn. Ẹ̀rù yẹn ló mú mi gbà.

Felicia ní ó ku nǹkan kan. Èèyàn kì í pe ẹni tí wọ́n jọ yá ilé ní Bàbá Mujeebah. Orúkọ rẹ̀ gbẹrẹfu ni kí n pè, bí àwọn ará ibí ṣe ń ṣe. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wọlé yín, ẹ̀yin àti màámà tó ti lọ nìkan lẹ pe orúkọ yẹn létí mi. Kí a tó bí Mujeebah, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́" ni mò ń wí. Felicia mú mi wọ kíṣìnì rẹ̀, ó ní kí n pè é kí òun gbọ́. Mo lanu, ikọ́ ló jáde. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú mi ò dùn rárá.

Lọ́jọ́ Ajé, Felicia fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń béèrè owó ìjọba náà, lọ́nà Lanham, ó sì dúró dè wá níta. Obìnrin dúdú ará ibí kan ló pè wá wọlé. Ó lójú àánú, àmọ́ kò ráyè eré. Ó béèrè pé kí ni ọkùnrin yìí jẹ́ sí mi. Mo ní a jọ yá ilé ni. Ìyá Raheem, ọ̀rọ̀ yẹn jáde lẹ́nu mi wẹ́rẹ́, obìnrin náà sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àbúrò yín ti sùn lọ lórí àga. Obìnrin náà ní kí n jí i, òun fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ náà. Mo fọwọ́ kàn án, kò mira. Mo mì ín, kò mira. Mo fẹ́ ké "Bàbá Mujeebah", mo gbé e mì. Ni mo bá pariwo, "Nọ́fíù!"

Háà! Ọkùnrin tí kò tíì sọ gbólóhùn kan tó já geere láti ìgbà ààwẹ̀, ó ta gìrì. Ó fi ọwọ́ òsì tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ṣí fìlà, ó ń ti ara rẹ̀ kúrò lórí àga, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo dé o. Ẹ má bínú, mi ò gbọ́ ni." Ẹ̀yin ló ń dá lóhùn! Ó rò pé ẹ̀yin lẹ pe òun. Ó ku díẹ̀ kó fojú gbálẹ̀. Mo gbàgbé ẹ̀yìn tó ń dùn mí, mo fò mọ́ ọn, mo gbá a mú, mo bú sẹ́kún, mò ń ké pé, "Ọkọ mi ni o! Ọkọ mi ni!"

Obìnrin náà ní kí ni mo wí. Mo sọ ọ́ ní èdè òyìnbó. Ó ní òun ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì lẹ́nu mi, èwo ni òótọ́? Mo ní ọkọ mi ni, mo bímọ fún un, kò sígbà tí kì í ṣe ọkọ mi. Ó ya ìwé tó ti ń kọ, ó mú òmíràn. Ó ní a dé kọ́ọ̀tù o, a ò débẹ̀ o, ẹni tó bá ń gbé bíi tọkọtaya, tọkọtaya lòun máa kọ. Bí wọ́n ṣe kọ wá pọ̀ nìyẹn. Owó náà á kéré. Ó ní wọ́n máa rán ẹnì kan wá wò bóyá wọ́n lè fún wa lẹ́ni tí yóò máa bá mi wẹ̀ ẹ́, àmọ́ kò ṣèlérí.

Nínú mọ́tò, mo ròyìn gbogbo ẹ̀ fún Felicia. Ó wá ní, "Alimat, o ti tú gbogbo ètò wa ká." Ó lè jẹ́ òótọ́ ló sọ. Mi ò mọ̀ bóyá mo gba ọkọ mi là ni, àbí mo ti fọwọ́ ara mi tì í sí ilé ìtọ́jú. Bí mo bá dìde láti ṣe nǹkan kan, èrò yẹn á tún mú mi jókòó.

Láti ọjọ́ náà, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Ó ń bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n ńkọ́?" Mo ní ẹ ti padà sílé. Ó bínú, ó ní kí ló dé tí mi ò fún yín lóúnjẹ kí ẹ tó lọ. Ẹ wo ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó ti ń fọwọ́ júwe omi! Dókítà sì ní ohunkóhun tó bá lè mú un sọ̀rọ̀, ká máa ṣe é. Èmi ò lè pe orúkọ yẹn mọ́, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn tó mi láyé. Ẹ bá mi wá kásẹ́ẹ̀tì kan, kí Raheem gba ohùn yín sínú rẹ̀. Ẹ pè é. Ẹ bá a wí, tó bá wù yín.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kó fún yín ní ẹ̀mí gígùn àti ara líle, kó má jẹ̀ẹ́ kí ẹ sunkún ọmọ, kó sì jẹ́ ká fojú kan ara wa láìpẹ́. Àmín.

Èmi ni ìyàwó yín tòótọ́,
Alimat, ìyá Mujeebah.

Àfikún: Tí ẹ bá ti pe orúkọ rẹ̀ nínú kásẹ́ẹ̀tì náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó máa bọ́rọ̀ lọ, kó lè ráyè dá yín lóhùn.