Ohùn Màmá Lójú Ọ̀nà Kẹfà

                                        Ilé Ìgbohùnsílẹ̀,
                                        Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú àìfojúrinjú. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Ìyàwó wa ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń yọ wọ́n lẹ́nu ti ń gbọ́ oògùn? Ṣé àbíkẹ́yìn yín ti jáwọ́ nínú títú rédíò palẹ̀? Bí kò bá tíì jáwọ́, ẹ má bá a wí o, iṣẹ́ ilé wa ló ń ṣe. Ara màmá náà le. Ojú iṣẹ́ abẹ ọ̀fun wọn ti jiná, ṣùgbọ́n ohùn kò padà, dókítà sì ti sọ pé kò ní padà mọ́. Inú ìwé ni wọ́n ti ń bá wa sọ̀rọ̀ báyìí, wọ́n sì ń bá wa jà níbẹ̀ dáadáa.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi pè yín. Yàrá màmá ni fóònù wà, etí wọn sì ṣì mú bí abẹ. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, ọkàn mi kò balẹ̀ rárá. Mo ti ba nǹkan jẹ́.

Ẹ rántí téèpù olójú ọ̀nà mẹ́rìndínlógún tí a gba orin màmá sí lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, tí ìlù àti ohùn kọ̀ọ̀kan ní ojú ọ̀nà tirẹ̀ lára rẹ̀, tí ohùn wọn sì wà lójú ọ̀nà kẹfà. Kò síbòmíràn láyé tí ohùn yẹn wà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn fẹ́ gbọ́ ohùn ara àwọn, mo sì ṣèlérí ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ yìí. Ìgbà tí mo gbé téèpù jáde, ara rẹ̀ ti ń ṣí, ìyẹ̀fun pupa rẹ́súrẹ́sú tó gbé ohùn dání ń bọ́ sórí ẹ̀rọ. Mo mọ̀ pé kò lè kọjá ju ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ, ni mo bá ní kí n yára dà á kọ sórí téèpù tuntun.

Ìwàǹwára yìí ló kó bá mi. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé téèpù kì í ṣe kó má hó ṣìì lábẹ́ orin, ìdí nìyẹn tí ojú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan fi ní ẹ̀rọ adínriwo tirẹ̀. Bí a bá ń gba orin sílẹ̀, ẹ̀rọ náà á gbé ohùn tó rẹlẹ̀ sókè. Bí a bá ń gbọ́ ọ, á tẹ̀ ẹ́ padà, ariwo téèpù á sì bá a wálẹ̀. Àlọ àti àbọ̀ ni. Mo rí “adínriwo” tí ẹ kọ sẹ́yìn páálí téèpù náà, mo kàn gba gbogbo rẹ̀ kọjá nínú ẹ̀rọ. Lẹ́yìn tí mo parí ni mo tó ka ìwé inú páálí. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé adínriwo kẹfà jóná láàárọ̀ ọjọ́ náà, pé màmá ò gbà kí a dúró tún un ṣe, wọ́n ní ohùn àwọn ti jí. Ta ni ì bá sì ní kí màmá wa dúró!

Ohùn tí kò gba àlọ ni mo fún ní àbọ̀. Ẹ̀rọ tẹ ohun tí ẹnikẹ́ni ò gbé sókè. Ìparí ọ̀rọ̀ wọn, èémí wọn, ẹ̀rín kékeré tó wà ṣáájú ẹsẹ kejì, gbogbo rẹ̀ ló rì. Téèpù àtijọ́ náà sì ti pá, mo lè rí ìka mi láti ẹ̀yìn rẹ̀.

Ọ̀nà kan ló kù. Bí mo bá gba ohùn yẹn kọjá ní apá ìgbàsílẹ̀ ẹ̀rọ adínriwo, ó yẹ kó gbé ohun tó tẹ̀ padà sókè. Ṣùgbọ́n èmi aláìnísùúrù kò fi dídún ìwọ̀n, ìró kan ṣoṣo tí a fi ń mọ bí ohùn ṣe yẹ kó ga tó, síbẹ̀rẹ̀ téèpù tuntun, mi ò wá mọ ibi tí màá yí bọ́tìnì dé. Etí nìkan ló kù láti fi wọ̀n ọ́n. Mo ti dán an wò nígbà mẹ́rin. Ó há, ó hó, ó ń lọ sókè sódò. Ẹ̀ẹ̀kan tó fẹ́ dára, mi ò gba ara mi gbọ́, nítorí mo ti ń wá a kó dára jù. Ẹ̀yin lẹ jókòó níwájú wọn lọ́jọ́ náà.

Ohun tó jẹ́ kí n mú gègé nìyí. Lọ́sàn-án àná, mo ń gbọ́ èyí tó bàjẹ́ náà, mi ò mọ̀ pé màmá ti gun àtẹ̀gùn wá. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ẹsẹ kan fi parí. Wọ́n yọ ìwé: “Ta ni obìnrin yìí?” Mo ní, “Oníbàárà kan ni, màmá.” Wọ́n mirí, wọ́n tún kọ ọ́: “Sọ fún un kó yé gbé ọ̀rọ̀ mì. Èmi ni mo ni orin yẹn.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá kó tó di Àbámẹ́ta. Ẹ bá mi kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ. Màmá ì bá kí yín bí wọ́n bá mọ̀ pé mo ń kọ̀wé.

Èmi ni àbúrò yín tó purọ́ fún ìyá rẹ̀,
Onítéèpù.