Orógùn Yín Kì Í Ṣe Ọ̀pá Àdúrà

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtijọ́ o. Mo mọ̀ pé wọn kì í bínú níbi tí ẹ wà, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bínú díẹ̀. Wálé ọmọ yín fẹ́ fi orógùn yín ṣe ọ̀pá àdúrà.

Mi ò ṣàwàdà. Orógùn tí ẹ fi ń ro ògì ní àárọ̀ Sátidé ni mò ń wí, èyí tí iná ti jẹ létí yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi yìí ní kí n gbé e wá síbi ìsìn ìrántí yín lọ́la, pé wọ́n á gbé e sórí pẹpẹ kí àwọn ènìyàn lè máa tò kọjá, kí wọ́n máa fọwọ́ kàn án. Mo bi í pé kí ni yóò ṣe fún wọn. Ó ní, "My dear, it's a point of contact, ibẹ̀ ni ìbùkún máa gbà dé ara wọn. Òróró wà lára ẹ̀." Màámi, òróró àkàrà ni!

Ṣé ẹ̀yin dá ìjọ sílẹ̀ rí ni? Ilẹ̀kùn ilé ìdáná lẹ máa ń ṣí sílẹ̀ láràárọ̀ Sátidé kí ẹ tó lọ síbi iṣẹ́. Àlájà tó ń gbé lókè orí wa á sọ̀ kalẹ̀ tòun ti tẹ̀súbà rẹ̀. Ọmọ Ghana tó ń wa bọ́ọ̀sì á yà wọlé bó bá ti ń ti iṣẹ́ bọ̀. Kò gbọ́ Yorùbá ju Àmín lọ. Ẹ ó máa ro ògì, ẹ ó máa ṣàdúrà fún ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, fún ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì dé. Ẹni tó ń pe Jésù àti ẹni tó ń ké Bísímílà, Àmín kan náà ni wọ́n ń ṣe. Bí ògì bá ti jinná, àdúrà parí nìyẹn, ó yá ká jẹun.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ, Wálé gbé àdúrà Sátidé yín lọ sínú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan lẹ́yìn òpópónà Rye Lane nílùú òyìnbó níbí. Ó ti di Pásítọ̀, orúkọ yín sì wà lára pátákó iwájú. Èmi àti Àlájà lọ wò wọ́n. Gbogbo wọn dìde dúró, wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún síwájú, wọ́n ń yí i po bí wọ́n ti ń gbàdúrà. Mo bi ọmọbìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé kí ló dé tí a fi ń yí ọwọ́. Ó ní, "That's how Mama prayed. Ó ń ru agbára sókè ni." Agbára kẹ̀! Odidi àgbàlagbà kún gbọ̀ngàn, wọ́n ń ro ògì tí kò sí nínú ìkòkò. Ẹ̀yin máa ń dúró nítorí pé bí ẹ bá jókòó, ògì á di kókó. Ta ni kí n sọ ọ́ fún? Ẹ̀kọ yín ti di ẹ̀kọ́.

Ti Àlájà ló dùn mí jù. Ọmọbìnrin kan náà yìí tún wá bá a: "Mummy, please come forward and give your life." Àlájà wò ó láti òkè délẹ̀. "Ta ni kí n fún? Mo ṣì ń lò ó o." Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ìdí àtẹ̀gùn ilé, ó rọra bi mí bóyá àdúrà Sátidé ti di tiwọn nìkan. Àlájà tó ń fọ aṣọ yín nígbà tí ẹ ò lè dìde mọ́! Láti ọjọ́ náà, kò sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi mọ́.

Mo pariwo mọ́ Wálé. Ó ní, "Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. If we don't organise it, it will die." Mo ní ọwọ́ Àlájà ńkọ́? Ohun tó tún ń bí mi nínú ni pé kò kúkú parọ́ tán. Àwa náà gbìyànjú nílé ìdáná lẹ́yìn ìsìnkú yín. Iṣẹ́ ò jẹ́ kí ẹni kan wá, òtútù ò jẹ́ kí ẹlòmíràn wá, nígbà tó yá, èmi nìkan ni mò ń bá ìkòkò sọ̀rọ̀. Bí obìnrin kan bá sì bímọ ní àdúgbò Nunhead báyìí, àwọn ará ìjọ Wálé á ti gbé oúnjẹ débẹ̀ kí ọmọ tó sunkún tẹ́rùn. Ọmọ Ghana wa náà ti wà láàárín wọn. Ṣé ohun rere kò lè rìn ni, àfi tí a bá kọ́ ilé fún un, tí a fi olùṣọ́ sẹ́nu ọ̀nà? Màámi, báwo lẹ ṣe ṣe tiyín? Ẹ ò pe ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ wọ́n ń wá.

Láàárọ̀ yìí, mo mú orógùn náà jáde kí n fi aṣọ wé e fún Wálé. Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi, mo fẹ́ gbà fún un. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dì í mú, ọwọ́ mi ò jẹ́. Mo po ògì, mo gbé omi kaná, mo gòkè lọ kan ilẹ̀kùn Àlájà. Mo sọ fún un pé àdúrà wà. Ó mú tẹ̀súbà rẹ̀, ó tẹ̀ lé mi.

Mo ń ro ògì, mo ń gbàdúrà, mo di ojú mi pinpin kí n má baà sunkún. Àfi bí Àlájà ṣe pariwo: "Lajú ẹ o! Ìyá ẹ kì í dijú!" Òótọ́ ni, Màámi. Ẹ máa ń wo ojú wa níkọ̀ọ̀kan bí ẹ ti ń dárúkọ wa. Báwo ni mo ṣe gbàgbé? Ṣọ́ọ̀ṣì rántí ọwọ́ yín, èmi tí mo jẹ́ ọmọ yín ò rántí ojú yín. Mo sunkún, mo gbàgbé ríro. Ògì di kókó. A jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Wálé pè pé òun ń bọ̀ wá gbé ọ̀pá. Mo ní ògì ti gan mọ́ ọn lára, kò sì ní kúrò nílé yìí. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án, kó wá fi ro ògì ní Sátidé tó ń bọ̀, kó sì kọ́kọ́ bẹ Àlájà. Ló bá fi ohùn Wálé tí a mọ̀, kì í ṣe ti Pásítọ̀, bi mí bóyá àkàrà máa wà.

Mo ní ó máa wà.

Mo ṣì fẹ́ràn yín bí àná,
Ọmọ yín tí ògì rẹ̀ di kókó.