Màmá Olóòfà, Ẹni Tó Yọ Òjé Kúrò Nínú Omi Kànga

Ní oṣù kejì ọdún 1949, nínú ilé oníyàrá méjì lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ni wọ́n bí Màmá fún baba tó ń tún aago ṣe àti ìyá tó ń ránṣọ. Àwọn ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ márùn-ún, ẹnu wọn sì dùn ju ti gbogbo àwọn ẹ̀gbọ́n wọn lọ.

Wọ́n parí ilé ẹ̀kọ́ girama ní 1967. Wọ́n kọ́ iṣẹ́ àyẹ̀wò omi, ilé iṣẹ́ omi sì gbà wọ́n. Ní 1974, wọ́n ṣègbéyàwó pẹ̀lú Bàbá, ẹni tó ń tún bátìrì ọkọ̀ ṣe. Àwọn méjèèjì fọwọ́ ara wọn kọ́ ilé, wọ́n gbẹ́ kànga sí i, ṣọ́ọ̀bù Bàbá sì wà nítòsí kànga náà.

Ní 1983, Màmá bu omi kànga náà lọ síbi iṣẹ́, wọ́n sì bá òjé nínú rẹ̀, májèlé tó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ìdọ̀tí bátìrì ló ti wọ inú ilẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá kó ṣọ́ọ̀bù wọn kúrò, ṣùgbọ́n òjé kò bá wọn kó. Ọmọ mẹ́ta ló wà nílé. Bí omi kò bá mọ́, wọ́n á fi ilé sílẹ̀.

Màmá sun èèpo ọsàn di èédú, wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n dà á sínú omi. Òjé lẹ̀ mọ́ èédú lóòótọ́, àmọ́ èédú kọ̀, kò jáde. Omi dúdú kirikiri. Aládùúgbò kan ní, “Ṣé ká mu ún ni, àbí ká fi kọ lẹ́tà?” Màmá fúnra wọn rẹ́rìn-ín títí.

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n rẹ èèpo sínú omi ìpẹtà irin kí wọ́n tó sun ún, kí òòfà lè máa fa èédú náà. Òòfà ńlá kan ṣoṣo tó wà nílé, inú sípíkà rédíò Bàbá ló wà. Bàbá dé, wọ́n bá rédíò tó ti yadi.

“Ìyá àwọn ọmọ, ta ló pa á?”

“Kò kú, Bàbá àwọn ọmọ. Iṣẹ́ tuntun ló gbà. Ẹ wá wò ó.”

Màmá da èédú tuntun náà sínú garawa omi kànga, wọ́n rò ó pọ̀, wọ́n sì ti òòfà bọ̀ ọ́. Gbogbo èédú sáré lọ lẹ̀ mọ́ ọn, omi sì mọ́ gaara. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n yẹ omi náà wò níbi iṣẹ́: kò sí òjé. Ẹnikẹ́ni kò kó kúrò nílé mọ́.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ará àdúgbò ní ọgbọ́n yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú ìjọ, àdúrà wọn kì í gùn. Wọ́n ní Ọlọ́run kì í ṣe adití.

Màmá sùn ní oṣù kẹta ọdún 2024, lẹ́ni ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Wọ́n fi Bàbá sáyé lọ, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta tí wọ́n jẹ́ nọ́ọ̀sì, káfíńtà àti olùkọ́, ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án àti àtọmọdọ́mọ méjì.

Ẹ rọra sùn o, Màmá. Ilé yín dúró, èèyàn sì kún inú rẹ̀.