Mo Ní Dáadáa Ni Bruno Wà

Olóòtú ètò rédíò wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ mi. Marzahn ní Berlin ni mò ń gbé. Ọmọbìnrin mi, tí màá pè ní Fadékẹ́mi, wà ní yunifásítì ní Hamburg. Òun ló ni Bruno, ajá tó fi sílẹ̀ sọ́dọ̀ mi.

Ní oṣù kejì ọdún 2006, dókítà ẹranko ní àìsàn Bruno kò gbóògùn mọ́, pé kí n jẹ́ kí òun fún un lábẹ́rẹ́ tí yóò fi kú láìjẹ̀rora. Mo ní kó dúró. Ọmọ mi ń ṣe ìdánwò lọ́wọ́, a kì í sì í fi ìròyìn àìsàn ránṣẹ́ sí ẹni tó wà lọ́nà jíjìn. Bó bá pè mí, màá ní, "Dáadáa ni Bruno wà, a dúpẹ́." Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀, nígbà tí ajá kò lè dìde mu omi mọ́.

Nígbà tí ọmọ mi dé, ìrù nìkan ni Bruno lè gbé.

"Mọ́mì, ẹ ní dáadáa ló wà."

"Mi ò fẹ́ kí ọkàn rẹ dà rú ni."

"Tèmi lẹ rò. Ti Bruno ńkọ́?"

Ọ̀sán ọjọ́ náà la gbé e lọ gba abẹ́rẹ́.

Ó ti pé ọdún kan. Bó bá béèrè àlàáfíà mi báyìí, tí mo ní dáadáa ni, á ní, "Lóòótọ́, Mọ́mì?"

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń gbọ́ mi, kí ni kí n ṣe kó tó lè gbà mí gbọ́?