Ẹni Tí Ó Lọ Bèèrè Orí Bámidélé

Ẹgbẹ́ Ìfẹ́ṣọ̀kan Ọmọ Yorùbá,
Chicago.
Oṣù Kejì, ọdún 1986.

Sí Alhaja Ràhámọ̀tù Adéògún, àwọn ọmọ, àti gbogbo mọ̀lẹ́bí ní Oak Park.

Ẹ̀yin ènìyàn wa,

Ìbànújẹ́ ni ó kó gbogbo ẹgbẹ́ jọ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, òun náà ni ó sì gbé iṣẹ́ ìwé yìí lé wa lọ́wọ́. Ọkọ yín, baba yín, ẹ̀gbọ́n wa àti alága wa àtijọ́, Alhaji Tàjùdéèn Adéògún, ti papò dà. A kí yín kú ara-fẹ́ra-kù. A kí yín kú àṣẹ̀hìndè.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò mọ ẹnìkankan ní ìlú yìí lọ́jọ́ tí a dé, àfi Alhaji, tí ó wá fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa ní pápákọ̀ òfurufú. Ilé yín ni a ti kọ́kọ́ jẹun. Òun ni ó mú àwọn kan nínú wa lọ sí ilé ìwòsàn tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ní Joliet, tí ó bá wọn bẹ ọ̀gá níbẹ̀ títí wọ́n fi ríṣẹ́. Mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ ìjọ tí ó ṣaláìsí láàárín wa tí Alhaji kò bá wọn dé ibojì. Bí a bá sì dákẹ́ síbẹ̀, a kò tíì sọ ẹni tí ó jẹ́.

Dókítà ni ó fẹ́ dà nígbà tí ó wá sí orílẹ̀-èdè yìí. Ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn tí ó wọ̀ nínú ìlú yìí, olùkọ́ mú agbárí kan jáde láti inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì lọ́jọ́ kan, ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa gbé e fún ara wọn. Kí ó tó kan Alhaji, ẹnìkan ti fi sìgá há a léyín, gbogbo kíláàsì sì ń rẹ́rìn-ín. Alhaji yọ sìgá náà. Ó wá rí ohun tí wọ́n fi yíǹkì kọ sí iwájú orí náà: Bámidélé, ọmọ Nàgó, olórí ọ̀tẹ̀ ẹrú, a so ó kọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò lè gbé e fún ẹni tó kàn. Ó gbé e lé itan títí iṣẹ́ fi parí, tí olùkọ́ fi wá já a gbà. Alhaji kò padà sí kíláàsì náà mọ́. Bí ó ṣe pàdánù iṣẹ́ dókítà nìyẹn, tí ó fi di ẹni tí ń ya àwòrán egungun aláìsàn.

Ó wádìí ẹni náà débi tí ìwádìí lè dé. Ọmọ Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Nàgó lọ́hùn-ún, ni Bámidélé. Ogun ni ó kó o, wọ́n sì tà á sí erékùṣù kan tí òyìnbó amúnisìn ti ń fi ẹrú gbin ìrèké. Òun ni ó kó àwọn ẹrú jọ, tí wọ́n dáná sun ilé tí wọ́n ti ń fún ìrèké, tí wọ́n sì gorí òkè lọ. Odindi ìgbà òjò kan ni àwọn ọmọ-ogun kò fi lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bèèrè: kí wọ́n má ṣe ẹrú mọ́. Gómìnà fi Bíbélì búra, ó ní kí olórí wọn sọ̀ kalẹ̀ wá kí àwọn jọ sọ̀rọ̀. Bámidélé sọ̀ kalẹ̀. Ìdè ni wọ́n fi pàdé rẹ̀. Wọ́n so ó kọ́ lójú ìyàwó rẹ̀, dókítà kan sì tọrọ orí rẹ̀ lọ́wọ́ gómìnà bí ẹni tọrọ orí adìyẹ, ó ní òun fẹ́ mọ ohun tí ó wà nínú orí ẹrú tí ó fi ń ronú òmìnira. Wọ́n ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Àwọn ìyá erékùṣù náà sì ń sọ orúkọ náà sí ọmọ wọn létí, ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Alhaji máa ń sọ fún wa pé, “Ẹni tó ń jẹ́ Bámidélé gan-an ni wọn ò jẹ́ kó délé.”

Láti ìgbà náà ni ó ti ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà, kí wọ́n lè yọ̀ǹda orí fún ìsìnkú. Wọ́n lé e. Wọ́n fi í ṣẹ̀sín. Wọ́n pe ọlọ́pàá sí i, ó sì sùn ní àtìmọ́lé. Lọ́dún tó kọjá, ẹni tuntun tí ó gba ipò olórí ilé-ẹ̀kọ́ náà gbà pé kí a wá gbé e.

Èmi akọ̀wé yín àti Alhaja Kàfáyàtù, igbákejì alága, ni a bá Alhaji lọ. Aṣọ funfun tí ẹ̀yin, Alhaja Ràhámọ̀tù, fi ọwọ́ ara yín rán wà ní apá rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí ó pàdé wa sọ fún wa pé wọ́n ti palẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù náà mọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Egungun tí ó wà nínú rẹ̀ ti bá pàǹtírí ilé ìwòsàn lọ sínú iná. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé bọ́ọ̀sì ti lọ. Lẹ́yìn náà ni ó ṣí páálí kan, ó mú agbárí mìíràn jáde. Ó ní kí a mú èyí, pé orí ni orí ń jẹ́.

Alhaji bi í pé, “Orí ta ni?”

Ó ní kò sẹ́ni tó mọ̀. A dìde láti máa lọ, àwa méjèèjì. Alhaji kò dìde. Ó tẹ́ aṣọ náà, ó sì gbé agbárí yẹn lé e. Ó ní, “Èyí ò lẹ́ni tó máa bèèrè rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbé e.”

Bí a ti ń jáde ni ẹnìkan ya fọ́tò wa ní ẹnu ọ̀nà.

A sin ín. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ fẹ́ kí a kọ orúkọ Bámidélé sí ibojì náà, kí ojú má bàa tì wá. Alhaji kọ̀. Ó ní, “Wọ́n ti sun Bámidélé. Ẹ má bá wọn bò ó mọ́lẹ̀.” Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ náà ti sọ fún àwọn oníwèé ìròyìn pé àwọn ti dá orí akọni padà fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Fọ́tò Alhaji ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rí, òun àti aṣọ funfun láyà rẹ̀. Wọ́n kí i kú oríire ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n kí i níbi iṣẹ́. Ó ń sọ fún olúkúlùkù pé kì í ṣe orí Bámidélé ni a gbé. Àwọn oníwèé ìròyìn kò gbà láti tẹ àtúnṣe. Nígbà tó yá, àwọn kan ń sọ pé aláìmoore ni. Alhaja, ẹ sọ fún wa pé oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́, àti pé ọ̀rọ̀ kan náà ni ó máa ń sọ fún yín lẹ́yìn ìrun àsùbáà: “Ìyá Àdùfẹ́, ojú mi ni wọ́n fi parọ́ yẹn.” Ẹnu iṣẹ́ ni ó ti ṣubú ní oṣù tó kọjá. Kí àwọn dókítà tó sáré dé, ẹ̀mí ti bọ́.

Ilé-ẹ̀kọ́ kan náà ni ó fi òdòdó ránṣẹ́ sí ìsìnkú rẹ̀, pẹ̀lú káàdì tí ó pè é ní ọ̀rẹ́ tí ó bá àwọn mú Bámidélé délé. Àdùfẹ́, ìwọ ni o gbé òdòdó náà jáde, tí o fi í sílẹ̀ sínú yìnyín. Àwọn kan ní ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Ẹgbẹ́ ní kí a kọ ọ́ síbí pé o káre.

Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ yóò máa wà pẹ̀lú Alhaja títí àdúrà ogójì ọjọ́ yóò fi kọjá, ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ sì di ti gbogbo wa. Àwọn ọmọ wa tí ń kọ́ Yorùbá ní gbogbo Sátidé yóò gbọ́ ìtàn Bámidélé títí dé ibi iná náà. Ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn náà ti pè wá sí àjọyọ̀ ìrántí kan. A ti fèsì. Gbólóhùn kan ni èsì wa: “Ẹ̀yin ni ẹ sun Bámidélé.”

Kí Ọlọ́run, ẹni tí ó mọ orúkọ egungun tí a kò mọ̀, tí ó sì mọ ibi tí eérú Bámidélé wà, tẹ́ Alhaji sí afẹ́fẹ́ rere. Kí Ó wo àwọn ọmọ rẹ̀. Kí Ó tu Alhaja nínú pẹ̀lú òtítọ́, nítorí irọ́ ni ayé fi tu ọkọ rẹ̀ nínú. Àmín.

Ní orúkọ gbogbo ẹgbẹ́,
Dayọ̀ Adéwọ̀yìn,
Akọ̀wé.